Pákó Àtijọ́, Férémù Tuntun: Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ọmọ Òrukàn Tó Ti Bàlágà

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ọmọ òrukàn bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ sọ ní Yemẹtu, Ìbàdàn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Ọba Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá igi, tó sì dá ọwọ́ tó ń gbẹ́ ẹ. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà ní ọmọ òrukàn, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo sàhábà rẹ̀.



A ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ìrun Àlàásárì ti ń súnmọ́. Wọ́n ní kí a wá ṣàlàyé bí iṣẹ́ férémù tí ẹ ń rí lórí tábìlì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe é, àti ohun tí owó yín ń ṣe nínú rẹ̀. Kí a tó dé orí férémù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí àwa fúnra wa ṣe.

Orúkọ tí a fa ìlà lé

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó bí a ti jókòó lónìí, a ṣí ìwé orúkọ àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ń gbọ́ bùkátà wọn. A kan orúkọ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò yìí. Ọmọ náà ti bàlágà. A fi bírò fa ìlà lé orúkọ rẹ̀, a sì kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé a rú òfin. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó bàlágà ni ẹ̀sìn wa ń pè ní ọmọ òrukàn, hádíìsì tó wà nínú tírà Abu Dawud sì ti là á yé wa pé tí ọmọ bá ti bàlágà, ó ti kúrò ní ipò náà. Ìwé orúkọ wa tọ̀nà.

Nígbà tí a wá dé ilé wọn láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé owó oṣù yẹn ni ìgbẹ̀yìn, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó dìde, ó ní, “Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n wá máa ṣe báyìí?” Ẹnì kan nínú wa wo ilẹ̀, ẹnì kejì wo aago. A kò ní èsì. Ọdún mẹ́fà ni a fi fún un ní oúnjẹ àti owó ilé ìwé, a kò sì fi ìṣẹ́jú kan ronú lórí ọ̀la rẹ̀.

Ní àkókò yẹn gan-an, ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi àáké la fèrèsé kan. Fèrèsé onípákó ni, ti yàrá ọkọ rẹ̀ tó kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n fi gíláàsì alùmíníọ̀mù dípò rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá ọmọ fi èyí tó kù dáná. Ó bọ́ sínú ilé, ó mú àwòrán ọkọ rẹ̀ wá kí a rí i, bí àwọn opó ti máa ń ṣe. Inú ọ̀rá ni àwòrán náà wà. Aáyán ti jẹ etí rẹ̀ kan, omi òjò sì ti kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá káfíńtà kan tó ń gbé ní ojúlé kejì yọjú wá kí wa. Ó wo ọmọ, ó wo igi tí wọ́n ń là, ó wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ ìyá. Ó ní, “Ẹ̀ ń wá iṣẹ́ fún ọmọ, ìyá rẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ dáná.” Ọ̀rọ̀ tó bí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Kì í ṣe àwa la gbọ́n.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ àwọn àáfà wa, wọ́n rán wa létí āyà kẹfà nínú Súratu Nisai. Níbẹ̀, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó ṣe, kí a sì kó dúkìá wọn fún wọn nígbà tí a bá rí i pé wọ́n ti gbọ́n tó láti mójú tó o. Ẹ kíyè sí i pé ìdánwò náà gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbàlágà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ṣàlàyé pé kí a fi òwò tàbí iṣẹ́ díẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, kí a máa wò ó bó ṣe ń ṣe é. Èyí tí àwa kò ṣe nìyẹn. A dúró de ọjọ́ ìbàlágà, nígbà tó sì dé, ìlà ni a fà.

Wọ́n tún rán wa létí ọkùnrin ará Mẹ̀dínà kan tó wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì, ìtàn tí Anas ọmọ Mālik gbà wá. Ànábì bi í léèrè ohun tó ní nílé. Aṣọ kan ni, tí wọ́n ń bora tí wọ́n sì ń tẹ́ sílẹ̀, àti ife ìmumi kan. Ànábì gbé wọn sí gbàǹjo, ó rí dírámù méjì lórí wọn. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kó fi èkejì ra àáké. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti igi bọ àáké náà, ó rán ọkùnrin náà lọ gé igi tà, ó sì ní kó má jẹ́ kí òun rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tó padà dé, dírámù mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹ wo ibi tí ìrànlọ́wọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ọkùnrin náà ni, nínú ohun tó ti gbàgbé pé òun ní. Kódà, hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Muslim fi yé wa pé káfíńtà ni Ànábì Sakariyáù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo ọmọ tó mú ayùn lọ́wọ́.

Igi tó wà láàárín wa

Láti Yemẹtu yìí dé Bẹẹrẹ, dé Màpó, dé Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnká, ilé àtijọ́ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn baba wa fi igi gidi ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn yọ fèrèsé onípákó, wọ́n fi lúfà onígíláàsì sí i. Ní báyìí, wọ́n ń yọ lúfà náà, wọ́n ń fi gíláàsì alùmíníọ̀mù tí à ń tì sọ́tùn-ún sósì sí i. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ nǹkan, igi ló ń dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi igi àjà kún un, àti igi òrùlé, bẹ́ẹ̀dì tó ti kán, àga ilé ìwé tó ti wó.

Nínú àwọn igi àtijọ́ wọ̀nyí, ẹ lè bá ìrókò, àpá tàbí ọ̀gànwó pàdé, igi tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré tí ènìyàn bá lọ rà á ní ọjà pákó ní Bódìjà lónìí. Ohun kan tún wà tó fi dára ju tuntun lọ. Ó ti gbẹ. Igi tí oòrùn àti ọyẹ́ ti lù fún ogójì ọdún ti sún gbogbo èyí tó fẹ́ sún. Igi tuntun tí omi ṣì wà lára rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sún lẹ́yìn tí o bá ti kàn án tán, igun férémù rẹ yóò sì là.

Àwa fi ojú wa rí èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa sọ pé ìwọ̀sí ni láti ní kí ọmọ òrukàn máa ṣa pákó àlòkù. Ohun tó mú wọn sọ ọ́ kò burú. A wá lọ ra igi tuntun fún wọn. Àwọn ọmọ fi ṣe férémù mẹ́fà fún ìdílé kan tó ń ṣe wòlímọ̀, ó sì dùn ún wò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là lára mẹ́rin nínú mẹ́fà náà. Ìdílé náà dá wọn padà pẹ̀lú sùúrù. Àwọn ọmọ ló tún wọn ṣe láìgba owó, pẹ̀lú pákó inú ilé wọn, àwọn wọ̀nyẹn kò sì là títí di òní. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ìwọ̀sí kò sí lára pákó. Ojú wa ló wà.

Kì í ṣe gbogbo pákó ló dára o. Oríṣi mẹ́rin ni a kì í gbà. Èkíní ni pákó tí wọ́n fi da kọnkéré, torí òróró ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi pa á kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Èkejì ni igi tí kòkòrò ṣì ń jẹ. Ẹ fi òòlù kàn án lórí bébà funfun, tí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá jábọ́, ẹ gbé e padà. Ẹ̀kẹta ni pákó ẹrù láti òkè òkun tó bá ní àmì MB lára. Àmì náà túmọ̀ sí pé gáàsì olóró ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ HT sí, iná ni wọ́n fi yan án, kò sí wàhálà. Ẹ̀kẹrin, tó sì léwu jù fún àwọn ọmọdé, ni igi tí ọ̀dà àtijọ́ wà lára rẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn. Tí a bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, ekuru òjé yóò wọ ilé, yóò wọ ẹnu ọmọ. Gbogbo wa ló gbọ́ ohun tí òjé ṣe ní Sàmfárà ní ọdún 2010, nígbà tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní abúlé àwọn tó ń wa góòlù. Pákó ọlọ́dà kì í wọ ilé ọmọ kankan lọ́dọ̀ wa.

Bí a ti ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín, nítorí ó yẹ kí ẹni tó ń náwó sí iṣẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Tí ẹ bá sì ní ọmọ nílé, ẹ̀yin náà lè bá a ṣe é.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ayùn kan tí eyín rẹ̀ wẹ́, òòlù, ẹ̀mú tí a fi ń fa ìṣó, tépù, pẹ́ńsùlù, ìfági, sáńpépà, àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Ẹ fi àpótí onígun kún un. Pákó mẹ́ta ni a kàn pọ̀ tó dà bí ọpọ́n tí orí àti ìdí rẹ̀ là. A wá fi ayùn la ojú ọ̀nà sí ara pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígíríì 45. Igi tí a fẹ́ gé yóò sùn sínú rẹ̀, ayùn yóò gba ojú ọ̀nà náà, kò sì ní yà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a fa gbogbo ìṣó kúrò. Ìṣó kan tó bá fara pamọ́ yóò ba eyín ayùn jẹ́, ó sì lè fò lu ojú. Àwọn ọmọ wa yọ irin òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, òun ni wọ́n fi ń wá ìṣó lára igi. Ibi tó bá ti fà mọ́ igi, ìṣó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a ó la pákó sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì kan ààbọ̀, a ó sì fá a kó dán. A máa ń fi aṣọ bo imú, torí ekuru ìrókò ń ta ènìyàn nímú, ó sì ń yún ara. Férémù nílò ibi tí gíláàsì yóò jókòó lé ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ń gbẹ́ ẹ jáde lára igi kan ṣoṣo. Nínú ilé, igi méjì ni a ń lẹ̀ pọ̀. Èyí tó wà níwájú fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì, ibi tó yọ síta náà ni gíláàsì yóò jókòó lé.

Ó wá kan ìṣirò. Ká ní àwòrán wa jẹ́ ínǹṣì 8 ní ínǹṣì 10. A fẹ́ kí férémù bo ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ní etí kọ̀ọ̀kan, ojú tí a ó máa rí yóò wá jẹ́ 7 ààbọ̀ ní 9 ààbọ̀. A ó fi ìlọ́po méjì ìbú igi, tí í ṣe ínǹṣì 3, kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà a ó gé igi méjì tó gùn ní ínǹṣì 10 ààbọ̀, àti méjì tó gùn ní 12 ààbọ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 46. Ẹ fi èyí tí ayùn yóò jẹ kún un, ẹ pè é ní ínǹṣì 50. Àwọn ọmọ tó ń sá fún ìṣirò ní ilé ìwé ń ṣe èyí lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹfun, torí wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣì í, igi ṣòfò.

Igun ni ó ń dán ọwọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a ó gé igi ní ìdagẹ̀rẹ̀ fún férémù kan. Tí ayùn bá ṣi ààbọ̀ dígíríì péré ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a bá kó igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, dígíríì mẹ́rin ni igun ìkẹyìn yóò fi là. Igi gànnà-gànnà má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Igun kẹrin kò bàjẹ́ ní igun kẹrin, láti ìgbà tí a ti gé igi àkọ́kọ́ ló ti bàjẹ́.

Tí a bá ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, a ó fi rọ́bà táyà inú gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo kó fún un dáadáa. A ó wá wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, a ó sì wọn ìkejì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, férémù tọ́. Ó di ọjọ́ kejì kí a tó tú rọ́bà náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gbá igun láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ lu ihò fún un, torí ìrókò gbígbẹ máa ń là.

Ọ̀ṣọ́ ló kù. Àwọn kan fẹ́ràn kí àpá ìṣó àti àwọ̀ igi àtijọ́ hàn, wọn a fi fáníìṣì pa á lásán. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ mú àjákù aṣọ òfì láti Ọjà Ọjẹ́, ó gé e wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi náà yípo. Àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn, ìyẹn ni wọ́n máa ń béèrè jù.

Gíláàsì kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé gíláàsì ni a ń gbé e lọ. Fún àwòrán kékeré, ínǹṣì 5 ní 7, ó lè fi abẹ lúfà àtijọ́ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 6 gé e fún wa, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. A máa ń fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àwòrán àti gíláàsì ní etí, kí méjèèjì má kan ara wọn. Tí ọ̀rinrin òjò bá wọlé, àwòrán tó bá kan gíláàsì yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ yóò fà á ya. Tó bá jẹ́ ògiri amọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé e kọ́, ẹ má gbá ìṣó sí amọ̀ lásán. Ẹ kọ́kọ́ ti igi kékeré wọ inú ògiri náà kó fún, kí ẹ tó gbá ìṣó sára igi náà.

Kí ni yóò wà nínú rẹ̀?

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé ṣé ó bójú mu kí ẹgbẹ́ mùsùlùmí máa ṣe férémù àwòrán. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí fọ́tò tí kámẹ́rà yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ kí a gbé àwòrán ohun abẹ̀mí kọ́ sára ògiri, pàápàá níbi tí a ti ń kírun. A kì í ṣe ilé fátíwà, olúkúlùkù kó béèrè lọ́wọ́ àáfà rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń kó wá fún wa jù ni ìwé ẹ̀rí: ìwé ẹ̀rí wòlímọ̀, ti ilé kéwú, ti ilé ìwé gíga, ìwé ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ Ọlọ́hun àti āyà Al-Kùránì tí a kọ dáadáa, àti àwòrán Kááfà tí àwọn Alhájì mú bọ̀ láti Mẹ́kà.

Ìtàn kan wà láti ilẹ̀ Íjíbítì tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní ọdún 1284 sí 1285, Sultan Qalawun kọ́ ilé kan ní Káírò tó ní ilé ìwòsàn nínú, ó sì fi dúkìá wákàfù tì í lẹ́yìn kí wọ́n lè máa tọ́jú olówó àti tálákà níbẹ̀. Orí ilẹ̀ tí ààfin àwọn Fatimid wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Pákó ààfin náà ṣì dára, wọ́n sì ti gbẹ́ àwòrán sí i lára: àwọn ọdẹ, àwọn onílù, àwọn tó ń jó. Àwọn káfíńtà Qalawun kò sọ pákó náà síná. Wọ́n yí ojú àwòrán rẹ̀ sí ògiri, wọ́n sì lo ẹ̀yìn rẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ wọ́n jáde, ilé ìṣẹ̀m̀báyé iṣẹ́ ọnà Ìsìláàmù ní Káírò ni wọ́n sì wà lónìí. Pákó ààfin ọba di pákó ilé àwọn aláìsàn. Tí àwọn ẹni ìṣáájú wa kò bá tijú àlòkù nínú iṣẹ́ wákàfù, kí ló dé tí àwa yóò fi tijú?

Owó yín àti òfin rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó ní ṣókí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún Hijira kan yí lé e lórí, ìdá kan nínú ogójì ni sàká rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́jọ tó wà nínú Súratu Taobah, āyà 60, ni a sì ń pín in fún. Ọmọ òrukàn kò sí nínú mẹ́jọ náà nítorí pé ó jẹ́ òrukàn. Tó bá jẹ́ aláìní ló fi wọ inú wọn. Ọmọ tó ti bàlágà tí kò sì ní nǹkan kan ṣì jẹ́ aláìní. Ìlà tí a fà lé orúkọ yẹn yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òrukàn, kò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé sàká. Èyí ni ohun tí a kò rí nígbà náà.

Ìmáàmù Nawawi, tó kú ní ọdún 1277, ṣàlàyé nínú tírà Al-Majmū‘ pé aláìní tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni a lè fún ní ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a ń tọ̀. Irinṣẹ́ tí a bá fi owó sàká rà, ti ọmọ náà ni títí láé, yálà ó bá wa ṣe tàbí kò bá wa ṣe. A kì í gbà á padà, a kì í sì yá a fún ẹlòmíràn. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo àwọn ọmọ, bí àpótí onígun ńlá àti tábìlì iṣẹ́, owó sàráà ni a fi rà á. Ẹgbẹ́ kì í jẹ kọ́bọ̀ nínú férémù tí ọmọ bá tà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tó ń kọ iye gíláàsì, gọ́ọ̀mù, ìṣó àti ọkọ̀ sí, kó tó dá iye tí yóò tà á. Pákó ni kò ná an ní nǹkan, ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà.

A kò fẹ́ tàn yín jẹ. Férémù kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ní àsìkò Iléyá àti ìgbà wòlímọ̀, ọjà ń yá. Ní àwọn oṣù mìíràn, ó lè jẹ́ méjì péré ni ọmọ yóò tà. Ọmọ kan fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ kọ́ mẹkáníìkì, ó sì mú òòlù àti ẹ̀mú rẹ̀ lọ. Inú wa dùn sí i. Ọmọ tí a fa ìlà lé orúkọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá káfíńtà yẹn ní ojúmọmọ, ó sì ń ṣe férémù ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló ń ra gaàrí sílé báyìí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́ta ni. Tí ẹ bá ń tún ilé ṣe, tí ẹ ń yọ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, ẹ ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó sọ ọ́ síná. Tí ìwé ẹ̀rí ọmọ yín bá wà nínú ọ̀rá, ẹ gbé e wá, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹ má nájà bí ẹni pé sàráà ni ẹ fẹ́ ṣe, iṣẹ́ ni ẹ rà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ yọ̀ọ̀da ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bàlágà, kí ìdánwò tí Ọlọ́hun pa láṣẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó yẹ. Ìwé orúkọ wa ti ní ìlà tuntun báyìí. Níwájú orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún mẹ́wàá, a kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́. Èyí tó ṣófo níbẹ̀ ṣì pọ̀.

Férémù àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe kò sí lórí tábìlì yìí. Kò tà á. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú pákó fèrèsé tí ìyá rẹ̀ ń là ní ọjọ́ yẹn, òun ló fi ṣe é. Igun kan là díẹ̀ lára rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un ṣe. Àwòrán bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó gbé e sínú yàrá ìyá rẹ̀, kúrò níbi tí wọ́n ti ń kírun. Bàbá náà ti padà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin gbogbo àwọn bàbá tó ti lọ, kó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wọn. Kó gba sàká àti sàráà yín, kó fi ṣe láádà fún yín ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Kó má ṣe jẹ́ kí ọmọ tiwa di ẹni tí a ó fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Àmín.

As-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.